Ọwọ́ Àgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè: Ìjì Katrina àti Orílẹ̀-èdè Tí Kò Mọ Bí A Ti Ń Gba Ìrànlọ́wọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń tẹnu mọ́, pé ọmọdé nílò àgbà. Apá kejì ni wọn kì í sábà rántí, pé àgbà náà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè wọ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, gbogbo ayé rí apá kejì òwe náà kedere. Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè tí ó ti ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn tí àjálù bá káàkiri àgbáyé, ni àjálù bá nínú ilé ara rẹ̀. Ìjì Katrina jà, omi bo ìlú New Orleans mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn sì wà lórí òrùlé ilé wọn, tí wọ́n ń ju aṣọ sókè kí ẹni tó wà nínú hẹlikọ́pítà lè rí wọn.

Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n láti òkèèrè, ní Èkó, ní Dhaka, ní Colombo, kò lè gba ojú wọn gbọ́. Àwòrán tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó ni wọ́n ń rí láti Amẹ́ríkà. Láìpẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ ìrànlọ́wọ́. Ìyókù ìtàn náà ni àwọn òǹkọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: ọ̀pọ̀ nínú ìrànlọ́wọ́ yìí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé fífúnni ní ìmọ̀ tirẹ̀, gbígbà náà sì ní ìmọ̀ tirẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó bá kọ́ ọ̀kan tí kò kọ́ èkejì yóò rí ìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tí omi bá dé.

Ìlú Tí Omi Yí Ká

Àwọn Faransé ni wọ́n tẹ New Orleans dó ní 1718, ní ibi tí odò Mississippi ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Odò wà ní apá kan ìlú náà, ọ̀sà Pontchartrain sì wà ní apá kejì. Àwọn ará àtijọ́ kọ́lé sí etí odò níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú ń fẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi kúrò nínú àbàtà, wọ́n sì kọ́lé sórí rẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá fa omi inú rẹ̀ gbẹ a máa rì díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni apá tó pọ̀ nínú ìlú náà ṣe wá wà ní ìsàlẹ̀ ju ojú òkun lọ, tí ó dà bí inú àwo kòtò. Odi amọ̀, ògiri kọnkéré àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ni kò jẹ́ kí omi kún inú àwo náà.

Ní 1965, ìjì kan tí wọ́n pè ní Betsy jà, omi sì wọ ọ̀pọ̀ ilé. Lẹ́yìn èyí ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi àṣẹ fún ẹ̀ka àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ológun pé kí wọ́n mọ odi tó lágbára yí ìlú ká. Ogójì ọdún gbáko kọjá. Nígbà tí Katrina dé ní 2005, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ìlú yìí kò ṣàjèjì pátápátá sí ìran Yorùbá. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá sí Louisiana, a rí àwọn tí wọ́n pè ní Nago, orúkọ tí àwọn ará ìta fi ń mọ Yorùbá nígbà náà. Ní 1809, àwọn ènìyàn tó lé ní 9,000, tí wọ́n sá kúrò ní Saint-Domingue tí a mọ̀ sí Haiti lónìí nígbà ogun òmìnira ibẹ̀, gba Cuba wá sí New Orleans, iye ará ìlú náà sì di ìlọ́po méjì. Onímọ̀ nípa àṣà, John Michael Vlach, sọ ní àwọn ọdún 1970 pé irú ilé tóóró kan tó wọ́pọ̀ ní New Orleans, tí yàrá rẹ̀ to tẹ̀ léra tí ojúlé rẹ̀ sì kọjú sí títì, gba Haiti wá, àti pé ìlànà ilé Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àwọn àdúgbò tí omi wọ̀ ní 2005, títí kan Lower Ninth Ward tí omi gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ kúrò lórí ìpìlẹ̀.

Ọjọ́ Tí Odi Ya

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 2005 ni ìjì náà bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè erékùṣù Bahamas. Ní ọjọ́ 25, ó dé ìpínlẹ̀ Florida, ó la gúúsù rẹ̀ kọjá, ó sì wọ inú òkun Mẹ́síkò, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti fi agbára kún agbára rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 28, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, ó ti di ìjì onípò karùn-ún, ipò tó ga jù lọ nínú òṣùwọ̀n ìjì. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré tó 280 kìlómítà ní wákàtí kan. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ray Nagin, olórí ìjọba ìlú náà, pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò nílùú. Kò pé wákàtí 24 lẹ́yìn àṣẹ yìí tí ìjì fi gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29. Agbára rẹ̀ ti dínkù sí ipò kẹta nígbà náà, àwọn kan sì ti ń dúpẹ́ pé ewu ti fo ìlú dá.

Ewu kò fo ìlú dá rárá. Omi tí ìjì tì wá láti òkun àti ọ̀sà ru gùdù, ó sì ya ògiri àwọn ipa odò tí wọ́n là wọ inú ìlú: ti 17th Street, ti London Avenue àti èyí tí wọ́n ń pè ní Industrial Canal. Àwọn ògiri kan wà tí omi kò tíì ga dé orí wọn rárá kí wọ́n tó wó. Ní 2006, ẹ̀ka onímọ̀-ẹ̀rọ ológun náà fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe ya àwòrán odi náà. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú New Orleans ni omi bò.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje 2004, ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìlú jókòó pọ̀ láti fi ìjì àfinúrò kan, tí wọ́n sọ ní Pam, dán ara wọn wò. Nínú ìdánwò náà, omi bo ìlú, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì há sínú rẹ̀. Ètò tí ó yẹ kí ó ti inú ìdánwò yìí jáde kò tíì parí nígbà tí ìjì gidi dé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wọ́n mú omi jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dà á.

Eji Kò Mọ Ẹni Ọ̀wọ̀, Ilé Ni Ó Mọ̀

Òwe kan sọ pé eji kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ta ni eji máa ń rí? Ẹni tí kò ní ibi tí yóò sá sí ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará New Orleans tí wọ́n ní mọ́tò gbé e, wọ́n sì jáde. Àwọn tó kù jẹ́ àwọn tí kò ní mọ́tò, àwọn tí kò ní owó ilé ìtura, àwọn aláìsàn, àwọn arúgbó àti àwọn tó ń tọ́jú wọn. Aláwọ̀ dúdú ni nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àwọn ará ìlú náà, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn tí omi ká mọ́. Nígbà tí wọ́n ka òkú ní Louisiana, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí wọ́n ti lé ní ọdún 75.

Pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ń pè ní Superdome ni ìjọba ìlú ní kí àwọn tí kò rí ibi lọ sá wọ̀. Àwọn tó lé ní 20,000 ni wọ́n kó ara wọn jọ síbẹ̀. Ìjì ká lára òrùlé rẹ̀, iná kú, omi ẹ̀rọ dá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì bàjẹ́. Nǹkan bí 20,000 mìíràn lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Convention Center, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pèsè oúnjẹ tàbí omi sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n wà níbẹ̀ kí àwọn ológun tó gbé oúnjẹ àti omi dé. Àwọn oníròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú ìjọba. Èyí ni ó ya àwọn tó ń wò láti òkèèrè lẹ́nu jù: bí kámẹ́rà bá lè rí ọ̀nà dé ibẹ̀, kí ló dé tí ọkọ̀ omi kò rí ọ̀nà?

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ìwé ìròyìn ń pe àwọn tó sá kúrò ní New Orleans ní ogunléndé. Àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú, tí Jesse Jackson wà lára wọn, kọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe ogunléndé nínú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn wọ́n. Ogunléndé ni ẹni tí ogun lé kúrò nílé rẹ̀, tí ó dé sí ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí wà lórí ilẹ̀ baba wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dúró de ìrànlọ́wọ́ jọ ti ẹni tí kò ní ìjọba.

Níbo Ni Okùn Ti Já?

Ètò ìjọba Amẹ́ríkà pín sí ìpele mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ti Nàìjíríà: ìlú, ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀. Bí àjálù bá dé, ìlú ni ó kọ́kọ́ ń gbìyànjú. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, yóò ké sí ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ni yóò sì ké sí ìjọba àpapọ̀. Ètò yìí dára nígbà tí àjálù bá kéré. Ṣùgbọ́n Katrina fọ́ ìpele àkọ́kọ́ túútúú. Tẹlifóònù kú, mọ́tò ọlọ́pàá rì sómi, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí ìbá kó ènìyàn jáde rì síbi tí wọ́n gbé wọn sí. Olórí ìlú ń wo Gómìnà Kathleen Blanco, gómìnà ń wo Ààrẹ George W. Bush, àwọn ará ìgbèríko Ààrẹ sì ń sọ pé gómìnà kò tíì béèrè ohun tó fẹ́ ní ìlànà tó yẹ. Wọ́n tún ń jiyàn lórí ẹni tí yóò pàṣẹ fún àwọn ológun.

FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, wà láti 1979. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìjọba ńlá kan sílẹ̀ fún ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó FEMA sí abẹ́ rẹ̀ ní 2003. Ọkàn gbogbo wọn wà lọ́dọ̀ apániláyà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́ àti omi. Michael Brown, tí ó jẹ́ ọ̀gá FEMA nígbà náà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹṣin Lárúbáwá kí ó tó wọ FEMA. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gba iṣẹ́ ìrànwọ́ Katrina lọ́wọ́ rẹ̀; ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 12.

Àhesọ tún dá kún un. Ìròyìn gba ìlú kan pé àwọn ìpáǹle ń pa ènìyàn nípakúpa nínú Superdome. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé irọ́ tàbí àbùmọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn awakọ̀ ìrànwọ́, wọ́n sì yọ àwọn ọlọ́pàá kúrò nídìí yíyọ ènìyàn nínú omi, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa lé olè. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn ará ìlú tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́ lórí afárá Danziger, méjì nínú wọn sì kú.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni ó rọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà yọ àwọn tó lé ní 33,000 kúrò nínú ewu. Àwọn ará Louisiana tí wọ́n ní ọkọ̀ ìpẹja gbé e wá fúnra wọn, wọ́n ń lọ láti òrùlé dé òrùlé. Ohun tó ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ kì í ṣe owó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ti ní àṣẹ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe ohun tó yẹ láìdúró de ìwé láti olú-ìlú. Ẹni tó wà níwájú omi ni ó ń pinnu.

Àwọn Tí Ń Wò Láti Òkèèrè

Lójú àwọn ará òkèèrè, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2004, kò tíì pé ọdún kan ṣáájú Katrina, ni omi òkun ru bo etíkun Indonesia, Sri Lanka, Íńdíà àti Thailand. Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣe ìrànwọ́. Nígbà tí ó di ti Amẹ́ríkà, Sri Lanka tí kò tíì kọ́ ilé tirẹ̀ tán fi 25,000 dọ́là ránṣẹ́. Afghanistan, tí ogun wà nínú rẹ̀, ṣèlérí 100,000 dọ́là. Bangladesh, tí omi ń bò lọ́dọọdún, ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là. Nàìjíríà náà, lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là. Kuwait ṣèlérí 500 mílíọ̀nù dọ́là, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ epo. Àbọ̀ ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù kejì 2006 sọ pé orílẹ̀-èdè àti àjọ àgbáyé 151 ni wọ́n nawọ́ ìrànlọ́wọ́.

Kí ni ó mú tálákà fún olówó ní ẹ̀bùn? Kì í ṣe àṣehàn nìkan. Nínú àṣà Yorùbá, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọlọ́rọ̀, aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní nǹkan yóò mú ohun tí agbára rẹ̀ ká lọ. Kò lọ nítorí pé ọlọ́rọ̀ kò ní. Ó lọ kí ọlọ́rọ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn bí i tòun ni. Ẹni tí ó bá kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ti sọ pé òun ga ju àdúgbò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ààrẹ Bush sọ pé Amẹ́ríkà kò béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ òkèèrè, pé yóò dìde fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìjọba fi yí ohùn padà. Condoleezza Rice, akọ̀wé àgbà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, kéde pé wọn kò ní kọ ìrànlọ́wọ́ tó bá lè tu ènìyàn lára.

Ẹ̀bùn Tí Kò Rí Ilé Wọ̀

Ẹnu sọ pé òun gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò mọ bí a ti ń gbà. Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni oúnjẹ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ òfurufú kó oúnjẹ ológun inú páálí ránṣẹ́, tí iye rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí ó gúnlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà rántí pé òfin ti ka ẹran màlúù Gẹ̀ẹ́sì léèwọ̀ nítorí àrùn wèrè màlúù. Wọ́n dá pípín oúnjẹ náà dúró, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì wọ ilé ìkẹ́rùsí ní ìpínlẹ̀ Arkansas, tí Amẹ́ríkà ń sanwó ilé fún un. Òfin náà ní ìdí tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò ní jẹ ẹran ni ó yẹ kí ó ti sọ fún aládùúgbò kí ó tó gbé ìkòkò kaná.

Ìkejì ni àwọn dókítà. Cuba, tí àárín òun àti Amẹ́ríkà kò gún láti ọdún pípẹ́, kó dókítà 1,586 jọ pẹ̀lú oògùn nínú àpò ẹ̀yìn wọn, wọ́n ní àwọn ṣetán láti wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Henry Reeve, ọmọ Amẹ́ríkà kan láti Brooklyn tí ó jà fún òmìnira Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà wọ́n. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ilẹ̀ mì tìtì ní Pakistan, àwọn oníṣègùn Cuba sì kọrí síbẹ̀. Ní 2014, ẹgbẹ́ yìí náà ni Cuba rán wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti bá àrùn Ebola jà. Ìrànlọ́wọ́ náà kò ṣègbé. Àwọn ará New Orleans ni kò kàn.

Ìkẹta, tí ó ṣòroó gbàgbọ́ jù, ni owó. Àjọ GAO, tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ ìnáwó ìjọba wò, ròyìn ní 2006 pé ìjọba gba 126 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè 36, ṣùgbọ́n kò sí ìlànà kankan nílẹ̀ nípa ẹni tí yóò pinnu bí wọn yóò ṣe ná an. Owó ń jókòó sí ilé ìṣúra láìlé, nígbà tí àwọn tí wọ́n tìtorí wọn dá a ń sùn nínú gbọ̀ngàn. Ní 2007, ìwé ìròyìn Washington Post tú u síta pé nínú owó àti epo tí iye rẹ̀ tó 854 mílíọ̀nù dọ́là tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣèlérí, nǹkan bí 40 mílíọ̀nù péré ni wọ́n tíì lò fún àwọn tí ìjì náà ṣe lọ́ṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ ni ó já sófo. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, àwọn ológun Mẹ́síkò wa ọkọ̀ wọ ilẹ̀ Texas pẹ̀lú ilé ìdáná alágbèéká, wọ́n sì ń dáná fún àwọn tí wọ́n kó dé San Antonio. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti ìgbà ogun 1846 tí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá ara wọn jà. Àwọn ará Netherlands kó onímọ̀ àti ẹ̀rọ wá láti fa omi kúrò nílùú. Àwọn wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní 1953, òkun ya wọ ilẹ̀ tiwọn lóru, ó pa ènìyàn 1,836, láti ọjọ́ náà sì ni wọ́n ti ń mọ odi tó lágbára. Ohun tí a rí kọ́ níbí ni pé ìrànlọ́wọ́ tó wúlò jù ni èyí tí olùfúnni mọ̀ dunjú, tí olùgbà sì ti pèsè àyè fún.

Ohun Tó Yí Padà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1,833 ni iye àwọn tí wọ́n sọ pé Katrina pa. Ní 2023, àjọ tó ń rí sí ìjì ní Amẹ́ríkà tún ìṣirò náà ṣe sí 1,392. Ohun tó bàjẹ́ tó 125 bílíọ̀nù dọ́là. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan fi ilé sílẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì padà mọ́. Ní oṣù kẹwàá 2006, wọ́n ṣe òfin tuntun tí ó fún FEMA ní agbára kún agbára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò bí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba yóò ṣe máa gba ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè. Wọ́n ná 14.5 bílíọ̀nù dọ́là lórí odi, ilẹ̀kùn omi àti ẹ̀rọ tuntun yí New Orleans ká. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2021, ọdún 16 géérégé lẹ́yìn Katrina, ìjì Ida kọlu Louisiana. Iná kú ní gbogbo ìlú fún ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n odi náà dúró. Àwọn kan lè sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá iná náà lọ kò sí nílé láti rí ẹwà yìí.

Kí ni ti àwọn tó wò ó láti òkèèrè? Ìlú Ìbàdàn mọ omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ó sì pa àwọn tó lé ní 100. Ní 2012, omíyalé tó kárí Nàìjíríà pa 363, ó sì lé mílíọ̀nù 2.1 kúrò nílé wọn. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀kọ́ Katrina jẹ́ ti Amẹ́ríkà nìkan kò tíì ka ìtàn àdúgbò rẹ̀. Mílíọ̀nù kan dọ́là tí Nàìjíríà ṣèlérí jẹ́ ìwà ọmọlúàbí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ó tẹ̀ lé e ni pé: bí omi bá dé lálẹ́ òní, ta ni ó ní àṣẹ láti ṣí gbọ̀ngàn ilé-ìwé? Ta ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí àlejò bá gbé oúnjẹ dé, ta ni yóò gbà á, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà dé ẹnu ẹni tí ebi ń pa?

Irú ìbéèrè báyìí rọrùn láti dáhùn nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Kò gba ọ̀pọ̀ owó. Ó gba kí àwọn ènìyàn jókòó, kí wọ́n pín iṣẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa dán an wò lọ́dọọdún. Amẹ́ríkà ní owó, ó ní ọkọ̀ òfurufú, ó ní ọ̀rẹ́ 151. Ohun tí kò ní ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò sọ fún aládùúgbò pé, "Ẹ ṣeun, ẹ gbé e síbí."